Orúkọ Ọmọnìkejì Wa: Àsọyé lórí Òfin Ìbanilórúkọjẹ́

Ọ̀rọ̀ tí a fi lé wa lọ́wọ́ láti sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn lọ́yà nìkan. Ó kan olúkúlùkù ẹni tí ó ní fóònù nínú àpò, tí ó sì lè fi àtàǹpàkò kọ gbólóhùn mẹ́ta kí a tó bu oúnjẹ rẹ̀ tán.

Ní ìgbà àwọn baba wa, ẹni tí ó bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ òun di títẹ̀ ní láti gba ọwọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn kọjá. Láti ìgbà tí Henry Townsend ti dá Ìwé Ìròhìn sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1859, a ní láti to lẹ́tà irin ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí a kà á wò, kí a tún un ṣe, kí a tó tẹ̀ ẹ́. Nínú gbogbo ìdádúró wọ̀nyí, ìbínú a máa rọ̀, ẹni tí ó ní òye a sì máa béèrè pé, "Ǹjẹ́ òtítọ́ ni?" Ní òde òní, ìdádúró náà kò sí mọ́. Ẹni tí inú bí ní aago méje ti di atẹ̀wé kí aago tó lu ìṣẹ́jú kejì. Síbẹ̀ òfin kò kọ ìwé ọ̀tọ̀ fún un. Òfin tí ó de oníwèé ìròyìn ni ó de òun náà. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín wọn ni pé oníwèé ìròyìn ní lọ́yà, ó sì ní owó; òun kò ní.

Kí ni à ń pè ní ìbanilórúkọjẹ́? Òfin Nàìjíríà lórí ọ̀ràn yìí hù láti inú òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀nà méjì ni ó sì pín in sí. Èkíní ni ọ̀rọ̀ ẹnu, tí a sọ tí ó sì fò lọ. Èkejì ni ọ̀rọ̀ tí a kọ sílẹ̀, tàbí àwòrán tí a yà, tí ó dúró tí ẹlòmíràn lè padà wá kà. Èkejì yìí ni òfin kà sí èyí tí ó wúwo jù. Ohun tí a sì kọ sórí Facebook tàbí WhatsApp, ọ̀rọ̀ kíkọ ni, bí ó ti wù kí ó dà bí ọ̀rọ̀ ẹnu tó lójú ẹni tí ó kọ ọ́.

Ohun mẹ́ta ni adájọ́ máa ń wá. Ó ń wá a bóyá ọ̀rọ̀ náà rẹ ènìyàn sílẹ̀ lójú àwọn olóye láwùjọ. Ó ń wá a bóyá ẹni tí ó pẹjọ́ ni ọ̀rọ̀ náà ń bá wí. Ó ń wá a bóyá ẹlòmíràn kà á. Bí a bá kọ lẹ́tà sí ẹnìkan tí a sì lẹ̀ ẹ́ pa, tí òun nìkan ṣoṣo kà á, ó lè dùn ún títí dé egungun, ṣùgbọ́n a kò tí ì bà á lórúkọ jẹ́ lójú òfin. Bí ẹnìkan ṣoṣo mìíràn bá kà á, ó ti tó. Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé, "Àwa ẹgbẹ́ nìkan ni a wà lórí WhatsApp yẹn." Ogójì ènìyàn nínú ẹgbẹ́, ogójì olùkà ni.

Bẹ́ẹ̀ ni kò dìgbà tí a bá dárúkọ. Bí ẹnìkan bá kọ ọ́ pé, "Akápò ẹgbẹ́ kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ọkọ̀ pupa, ẹ bi í léèrè ibi tí ó ti rí owó," tí ó sì jẹ́ pé akápò kan ṣoṣo ni ó ń wa ọkọ̀ pupa ní àdúgbò náà, ó ti dárúkọ rẹ̀ tán.

Ẹ jẹ́ kí a gbé ẹjọ́ kan yẹ̀ wò. Ní ọjọ́ kejì oṣù kọkànlá ọdún 2012, BBC gbé ètò kan jáde lórí tẹlifíṣọ̀n nípa ìwà ìkà tí a hù sí àwọn ọmọ ní ilé ìtọ́jú ọmọ kan ní àríwá Wales. Wọ́n ní òṣèlú àgbà kan lọ́wọ́ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò dárúkọ rẹ̀. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í méfò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì ń dá orúkọ Lord McAlpine, ọ̀kan nínú àwọn àgbà àtijọ́ nínú ẹgbẹ́ Conservative. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù náà, Sally Bercow, ẹni tí ọkọ rẹ̀ jẹ́ Olórí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin nígbà náà, kọ gbólóhùn kúkúrú kan sórí Twitter. Kò sọ pé ọkùnrin náà ṣe ohunkóhun. Ó kàn béèrè ìdí tí orúkọ rẹ̀ fi wà lẹ́nu gbogbo ènìyàn, ó sì fi ọ̀rọ̀ méjì kún un, bí ẹni tí ń ṣe ojú aláìmọ̀kan. Àwọn tí ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀ rẹ̀ níbẹ̀ ju 50,000 lọ.

Àhesọ náà kì í ṣe òtítọ́ rárá. Ẹni tí a hùwà ìkà náà sí fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kan pé a ti ṣi ènìyàn mú. BBC tọrọ àforíjì, wọ́n sì san £185,000 fún Lord McAlpine. Ní ti obìnrin náà, ohun tí ó gbára lé ni pé ìbéèrè lásán ni òun béèrè. Ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù karùn-ún ọdún 2013, Adájọ́ Tugendhat dá a lẹ́jọ́ pé olùkà tí ó mọ ohun tí ń lọ yóò mọ ohun tí ó ní lọ́kàn, àti pé ọ̀rọ̀ méjì tí ó fi kún ìbéèrè náà ni ó tú àṣírí rẹ̀. Ó tọrọ àforíjì ní gbangba kóòtù ní oṣù kẹwàá ọdún náà, ó sì san owó gbà-má-bìínú. Àwọn àgbà wa ti mọ èyí tipẹ́: bí òwe bí òwe ni à ń lu ìlù àgídìgbo, ọlọ́gbọ́n ní ń jó o, ọ̀mọ̀ràn ní ń mọ̀ ọ́n. Adájọ́ náà a máa jó àgídìgbo. Ẹni tí ó bá rò pé òun lè fi òwe, ẹ̀rín, tàbí àmì ìbéèrè bo ẹ̀sùn mọ́lẹ̀, ara rẹ̀ ni ó ń tàn.

Ẹjọ́ kejì ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2015. Nígbà ìwọ́de kan ní Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù karùn-ún ọdún náà, a rí i pé ẹnìkan ti kọ nǹkan sára òkúta ìrántí àwọn obìnrin tí ó ṣiṣẹ́ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Katie Hopkins, ẹni tí ó ń kọ̀wé fún ìwé ìròyìn, kọ ọ̀rọ̀ sí Jack Monroe lórí Twitter, bí ẹni pé Monroe ni ó ba òkúta ìrántí jẹ́ tàbí tí ó fi ọwọ́ sí i. Monroe kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ìdílé ológun ni ó sì ti wá. Hopkins ti ṣi orúkọ mú, ó fi Monroe pe akọ̀wé mìíràn tí ó ti sọ̀rọ̀ lórí ọ̀ràn náà. Ẹnu tí a fi ń pe adégún, a kò gbọdọ̀ fi pe adéògún.

Monroe ní kí ó pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́, kí ó sì fi £5,000 tọrẹ fún àwọn tí ń ṣe ìrànlọ́wọ́ fún àwọn asásàálà. Hopkins pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́, ṣùgbọ́n kò tọrọ àforíjì nígbà náà, ó sì tún kọ òmíràn tí kò dára. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹta ọdún 2017, Adájọ́ Warby pàṣẹ pé kí ó san £24,000: £16,000 fún ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, àti £8,000 fún èkejì. Lẹ́yìn èyí ni owó ẹjọ́, tí a ní kí ó kọ́kọ́ san £107,000 nínú rẹ̀. Ẹ wo bí ọ̀ràn tí ìbá fi £5,000 àti gbólóhùn àforíjì kan parí ṣe di ẹrù tí ó ju £130,000 lọ. Gbólóhùn kan a máa ba ọ̀ràn jẹ́, gbólóhùn kan a sì máa tún ọ̀ràn ṣe. Hopkins sọ gbólóhùn àkọ́kọ́, ó sì fi èkejì pamọ́.

A rí ẹ̀kọ́ méjì kọ́ níhìn-ín. Èkíní ni pé pípa ọ̀rọ̀ rẹ́ kò pa ẹ̀ṣẹ̀ rẹ́. Ó dára kí a pa á rẹ́, nítorí kò ní jẹ́ kí ìpalára náà pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó ti kà á ti kà á, àwọn mìíràn sì ti ya àwòrán rẹ̀ pamọ́. Ẹyin ni ọ̀rọ̀. Bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́. Èkejì ni pé àṣìṣe kì í ṣe àwáwí. Òfin kò béèrè bóyá a mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é kí ó tó dá wa lẹ́bi. Bí a tilẹ̀ gbàgbọ́ tọkàntọkàn pé òtítọ́ ni, ẹni tí a bà jẹ́ ti bàjẹ́.

Ọ̀ràn kan wà tí ó ń kó ọ̀pọ̀ nínú wa sí yọ́ọ́yọ́ọ́, èyíinì ni títa ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn látaré. Ẹnìkan a gba ìwé lórí fóònù, a fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ mẹ́fà, a sì kọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ pé, "Bí mo ṣe gbà á ni mo ṣe fi ránṣẹ́." Ó rò pé òun ti wẹ ọwọ́ òun mọ́. Òfin kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá tún ọ̀rọ̀ ìbàjẹ́ sọ, òun náà ni a ó bi bí ẹni pé òun ni ó kọ́kọ́ sọ ọ́. "Wọ́n ní" kì í ṣe ààbò, nítorí bí a bá ní kí a fi ẹ̀rí òtítọ́ múlẹ̀, kò tó kí a fi hàn pé wọ́n sọ ọ́ lóòótọ́. A ní láti fi hàn pé ohun tí wọ́n sọ rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tí ó gbà á sílẹ̀.

Ǹjẹ́ a wá ní láti dákẹ́ pátápátá bí? Rárá o. Bí a bá parí ọ̀rọ̀ wa síbi tí a dé yìí, a ti ṣi yín lọ́nà. Òfin tí ó ń dáàbò bo orúkọ rere kò gbọdọ̀ di ìbòrí fún ìwà búburú. Àwọn àgbà ní a kì í dákẹ́ kí a ṣìwí. Wọn kò ní kí a má wí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Òfin Ìbanilórúkọjẹ́ ti ọdún 2013, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2014, to àwọn ààbò náà lẹ́sẹẹsẹ. Àkọ́kọ́ ni òtítọ́: bí ọ̀rọ̀ náà bá jẹ́ òtítọ́ ní pàtàkì rẹ̀, ẹjọ́ ti parí, ṣùgbọ́n ẹni tí ó kọ ọ́ ni yóò mú ẹ̀rí wá, kì í ṣe ẹni tí a kọ ọ́ nípa rẹ̀. Èkejì ni èrò òtítọ́ ọkàn: a lè sọ pé oúnjẹ kan kò dùn, tàbí pé aṣòfin kan kò ṣiṣẹ́ rẹ̀ dáadáa, bí a bá sọ ohun tí a gbé èrò náà kà, tí olùkà sì mọ̀ pé èrò ni. Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ tí ó kan ire gbogbo ìlú, bí ẹni tí ó kọ ọ́ bá ní ìdí tí ó mọ́gbọ́n dání láti gbàgbọ́ pé ó yẹ kí ìlú gbọ́ ọ. Òfin náà sì béèrè pé kí ìpalára tí ó dé bá orúkọ náà jẹ́ èyí tí ó wúwo, kí àwọn ènìyàn má baà máa gbé ẹ̀gún kékeré wá sí kóòtù bí ẹni pé ọ̀kọ̀ ni.

A fẹ́ sọ ti ẹjọ́ kẹta láìdárúkọ àwọn tí ó ṣe é, nítorí tọkọtaya tí ó ti kọ ara wọn sílẹ̀ ni wọ́n. Ní ọdún 2012, obìnrin náà kọ sí ìyàwó àfẹ́sọ́nà titun ọkùnrin náà lórí Facebook pé ó ti gbìyànjú rí láti fún òun lọ́rùn. Àwọn mìíràn lè rí ọ̀rọ̀ náà níbẹ̀, ọkùnrin náà sì pẹjọ́. Àwọn ọlọ́pàá ti rí àmì pupa lọ́rùn obìnrin náà ní ọjọ́ tí ọ̀ràn ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2003. Síbẹ̀ adájọ́ àkọ́kọ́ ṣí ìwé atúmọ̀ èdè, ó sì wòye pé níwọ̀n bí ọkùnrin náà ti di ọrùn rẹ̀ mú ní tòótọ́, "gbìyànjú" kò lè túmọ̀ sí ohun mìíràn ju pé ó fẹ́ pa á lọ. Níwọ̀n bí kò sì ti sí ẹ̀rí pé ó fẹ́ pa á, obìnrin náà jẹ̀bi. Kóòtù Kòtẹ́milọ́rùn fara mọ́ ọn.

Ẹ rò ó wò: obìnrin tí a fún lọ́rùn ni a ní kí ó san owó fún ẹni tí ó fún un lọ́rùn, nítorí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan nínú ìwé. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin ọdún 2019, Kóòtù tí ó ga jù lọ yí ìdájọ́ náà padà. Wọ́n ní ẹni tí ń ka Facebook kì í mú ìwé atúmọ̀ èdè lọ́wọ́. Ó ń kà á lọ wéréwéré bí ẹni tí ń gbọ́ ìtàkùrọ̀sọ, yóò sì gbọ́ ọ pé ọkùnrin náà fi ọwọ́ fún obìnrin náà lọ́rùn. Èyí sì jẹ́ òtítọ́. Ó gbà ju ọdún mẹ́fà lọ kí obìnrin náà tó dé ibẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a rántí rẹ̀ nígbà tí ẹnikẹ́ni bá ń fi ẹjọ́ ìbanilórúkọjẹ́ halẹ̀ mọ́ ẹni tí kò lágbára. Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Nísinsin yìí, ẹ jẹ́ kí a padà wá sí ilé. Òfin 2013 yẹn kì í ṣe òfin Nàìjíríà. Òfin àtijọ́ tí a jogún ni kóòtù wa ń tẹ̀ lé nínú ẹjọ́ owó gbà-má-bìínú. Ṣùgbọ́n ohun kan wà ní ilé tí kò sí lọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì mọ́. Láti ọdún 2010 ni wọn kò ti ka ìbanilórúkọjẹ́ sí ọ̀ràn ẹ̀wọ̀n. Nínú Òfin Ìwà Ọ̀daràn tí a ń lò ní gúúsù Nàìjíríà láti ọdún 1916, ẹ̀ka 375 sọ pé ẹni tí ó bá tẹ ọ̀rọ̀ ìbanilórúkọjẹ́ jáde lè lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún kan. Bí ó bá sì mọ̀ pé irọ́ ni, ọdún méjì. Ní àwọn ìpínlẹ̀ tí ó ṣì ń lò ó, ìyẹn kò tí ì di ìtàn.

Ní ọdún 2015, òfin lórí ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà dé. Ẹ̀ka 24 rẹ̀ dá ẹ̀wọ̀n tí kò ju ọdún mẹ́ta lọ, tàbí owó ìtanràn tí kò ju ₦7,000,000 lọ, tàbí méjèèjì, fún ẹni tí ó bá fi ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́ tí ó mọ̀ pé irọ́ ni, láti mú ẹlòmíràn bínú tàbí láti dà á láàmú. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ fẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, a sì fi mú àwọn akọ̀ròyìn àti àwọn mìíràn tí ó bá àwọn alágbára wí. Ní ọdún 2022, Kóòtù ECOWAS pàṣẹ pé kí Nàìjíríà tún ẹ̀ka náà ṣe. Ní ọdún 2024, a tún un ṣe: ìbínú ẹnìkan lásán kò tó mọ́, irọ́ náà ní láti jẹ́ èyí tí a fi ránṣẹ́ láti da ìlú rú tàbí láti fi ẹ̀mí sínú ewu. Àtúnṣe rere ni. Ẹ̀yin tí ẹ ní ipò àti owó, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọlọ́pàá di ẹgba tí ẹ fi ń na ẹni tí ó bi yín léèrè ìṣirò owó ẹgbẹ́. Bí ó bá purọ́ mọ́ yín, ilé ẹjọ́ wà. Bí ó bá sọ òtítọ́, ìṣirò owó ni ìdáhùn, kì í ṣe àtìmọ́lé.

Kí ni kí a wá ṣe? Kí a tó fi ọ̀rọ̀ nípa ẹnikẹ́ni ránṣẹ́, ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè pé: Ǹjẹ́ àwa fúnra wa mọ ọ̀ràn yìí, tàbí a gbọ́ ọ ni? Bí a bá pè wá lọ́la, ta ni yóò jẹ́rìí, ìwé wo ni a ó sì fi hàn? Ǹjẹ́ ẹni náà gan-an ni, tàbí ẹni tí ó ń jẹ́ orúkọ kan náà? Ǹjẹ́ ẹni tí a ń fi í ránṣẹ́ sí ni ó yẹ kí ó gbọ́? Ẹni tí ó rí ìwà àìtọ́ nínú ẹgbẹ́, kí ó kọ ohun tí ó rí, ní ọjọ́ tí ó rí i, sí àwọn tí ó ní agbára láti wádìí rẹ̀. Òfin a máa ṣíjú àánú wo irú ìwé bẹ́ẹ̀ bí a bá kọ ọ́ láìní arankàn nínú, ju ìwé tí a fọ́n sí ojú ọjà lọ.

Bí a bá ti kọ ohun tí kì í ṣe òtítọ́, kí a pa á rẹ́ ní kíá, kí a sì kọ àtúnṣe síbi kan náà tí a kọ irọ́ náà sí, kí àwọn tí ó ka èkíní lè ka èkejì. Bí ó bá sì jẹ́ àwa ni a bà lórúkọ jẹ́, kí a má ṣe fi èébú dá èébú lóhùn. Kí a ya àwòrán ọ̀rọ̀ náà pamọ́ pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀, kí a kọ̀wé sí ẹni náà, kí a sọ ohun tí kì í ṣe òtítọ́ nínú rẹ̀ àti àtúnṣe tí a fẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ sọ fún wọn pé ọdún kan péré ni òfin ibẹ̀ fi sílẹ̀ fún pípẹjọ́ náà láti ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ ti jáde.

Ilé, ilẹ̀ àti owó ni a lè fi lé àwọn ọmọ lọ́wọ́ pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí. Orúkọ kò ní ìwé ẹ̀rí. Ẹnu àwọn aládùúgbò ni a gbé kọ ọ́ sí. Ní òde òní, kálámù tí a fi ń kọ ọ́ wà lọ́wọ́ olúkúlùkù wa. Ẹ jẹ́ kí a fi í kọ òtítọ́, kí a má sì bẹ̀rù láti kọ ọ́.